Ọwọ́ Tó Yan Àwọ̀: Àwọn Obìnrin Tó Ṣe Àtùpà Tiffany

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ṣé tí ẹ jókòó dè mí. Ọ̀rọ̀ àtùpà ni mo gbé wá lónìí, àtùpà orí tábìlì tí ìbòrí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ègé gíláàsì aláwọ̀ tí wọ́n fi òjé so pọ̀. Nílùú New York ni wọ́n ti ṣe é, láti bí ọdún 1898 lọ sókè. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́: Tiffany. Àwọn tí orúkọ wọn kò sí lára àtùpà náà ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Inú ṣọ́ọ̀bù gíláàsì ni mo dàgbà sí. Gíláàsì fèrèsé ni bàbá mi ń gé, mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì, irinṣẹ́ tí a fi ń gé gíláàsì, lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti gé gíláàsì rí á mọ̀ pé etí la fi ń gé e. Bí dáyámọ́ńdì bá ń sáré lójú rẹ̀ bó ṣe yẹ, á máa dún ṣìì, bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ṣẹ́dà ya. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ibi tó wu òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbà là. Bàbá mi kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn nígbà tó bá ń fà á lọ́wọ́. Àpá kan ṣì wà ní àtàǹpàkò òsì mi títí di òní.

Nítorí náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ dúró síwájú ọ̀kan nínú àwọn àtùpà yìí ní Queens, apá kan nílùú New York, àwọn tó yí mi ká ń sọ pé ó mà rẹwà o. Èmi ò tíì dé ìdí ẹwà. Ègé kan wà lára rẹ̀ tí kò ju èékánná ìka ìkẹyìn lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì tẹ̀ wọnú. Ẹ̀gbẹ́ tó bá tẹ̀ síta, gíláàsì á gbà fún yín. Èyí tó bá tẹ̀ wọnú, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti fẹ́ fọ́. Mo dúró, mo ń ka irú ègé bẹ́ẹ̀: ọ̀kan, méjì, márùn-ún, ogún. Mo wá bi ara mi pé, ta ló gé èyí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Ẹ̀yin tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá rí, ẹ ti rí fèrèsé aláràbarà. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, wọ́n á gé gíláàsì pupa, búlúù, àwọ̀ ewé, wọ́n á wá fi ọ̀dà ya ojú èèyàn àti ìṣẹ́po aṣọ sí i lára, wọ́n á sì gbé e padà sínú iná kí ọ̀dà náà lè mú. Òjé tí wọ́n fi ń so ó pọ̀ nípọn, ó sì ní kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí etí gíláàsì máa ń wọ̀ sí. Ó dára fún ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wá gbé irú òjé bẹ́ẹ̀ síbi ohun tó rí roboto bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, tí gíláàsì rẹ̀ kéré bí èékánná, òjé ni yóò bo gíláàsì mọ́lẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan fẹ́ kí gíláàsì fúnra rẹ̀ jẹ́ àwòrán, láìfi ọ̀dà kàn án. John La Farge, ayàwòrán, gba ìwé àṣẹ ìjọba ní ọdún 1880 lórí lílo gíláàsì tí ara rẹ̀ kì í mọ́ gaara, tó dà bí ìgbà tí wọ́n kán wàrà sínú omi. Louis Comfort Tiffany náà wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí lásìkò kan náà. Ọdún 1848 ni wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ ló ni ilé ìtajà wúrà àti dáyámọ́ńdì tí gbogbo ayé mọ̀. Òun kò bá bàbá rẹ̀ jókòó sídìí wúrà. Àwòrán ló kọ́kọ́ ń yà, kó tó yà sídìí gíláàsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, ó ní ilé iná tirẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì, ní Corona, ní Queens, Arthur Nash tó wá láti Stourbridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń bójú tó o.

Gíláàsì Corona yìí, mo lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ dọ̀la. Wọ́n á bu gíláàsì yíyọ́ oríṣi àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á dà á sórí tábìlì irin, wọ́n á pò ó díẹ̀ kí àwọ̀ máa lé ara wọn kiri, wọ́n á wá yí irin gbọọrọ lé e lórí títí yóò fi tẹ́. Nígbà mìíràn, wọ́n á kọ́kọ́ fọ́n èérún gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí tábìlì kí wọ́n tó da èyí tó gbóná lé e. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó rò pé ewé igi ọ̀nà jíjìn lẹ ń wò. Òmíràn ní àmì roboto roboto lára bí ẹyẹ awó. Abala kan lè dúdú lápá òsì, kó di ewé tútù láàárín, kó sì pọ́n bí ọsàn tó gbó lápá ọ̀tún. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn, torí a óò padà sí i.

Ti òjé náà rọjú. Ní 1886, Sanford Bray ti ìlú Boston gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fi ọ̀já bàbà fẹ́lẹ́ yí etí gíláàsì po, tí wọ́n á wá fi òjé yíyọ́ mú bàbà mọ́ bàbà. Òjé kì í mú gíláàsì, ṣùgbọ́n ó máa ń mú bàbà. Ìlà tó bá jáde á tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó sì lè tẹ̀ síbi tó wù yín. Láìsí ọ̀já bàbà yẹn, kò sí ìbòrí àtùpà tí mo ń wí yìí.

Iná mànàmáná náà kó ipa tirẹ̀. Edison gbé gílóòbù rẹ̀ jáde ní 1879, nígbà tó di 1882 ilé iṣẹ́ amúnáwá rẹ̀ ní Pearl Street ti ń pín iná fún apá kan Manhattan. Àwọn àtùpà Tiffany ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà tó ń lo epo. Àmọ́ òwú àti epo ní òfin tiwọn: ooru gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde lókè, ẹ ò sì lè dojú ọwọ́ iná kọlẹ̀. Gílóòbù kò ní irú wàhálà yẹn. Ẹ lè dojú rẹ̀ kọ ibi tó bá wù yín, kí ẹ fi ìbòrí bò ó wálẹ̀. Gílóòbù tó wà níhòòhò sì ń gún àwọn tí ojú wọn ti mọ́ iná òwú lójú.

Ẹ wá bá mi ká lọ sí ibi iṣẹ́ náà gan-an, ní Fourth Avenue, lẹ́bàá òpópónà kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní Manhattan. Àwòrán orí ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní mọ́ọ̀dù igi tó rí gẹ́lẹ́ bí ìbòrí náà yóò ṣe rí, wọ́n á sì fa ìlà sí i lára, ìlà ewé, ìlà òdòdó, bí àwọn tó ń fín igbá ṣe máa ń ṣe. Wọ́n á da ìlà yẹn kọ sórí ìwé, wọ́n á fún ègé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n á sì gé e ní pátánì, irú èyí tí télọ̀ ń gé kó tó kan aṣọ. Tí àtùpà kan bá ń tà, tí wọ́n mọ̀ pé àwọn yóò tún un ṣe léraléra, idẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń fi gé pátánì rẹ̀ kó má baà tètè jẹ.

Obìnrin kan á wá dúró síwájú fèrèsé. Gíláàsì funfun ńlá kan wà níwájú rẹ̀ tí oòrùn ń tàn gbà, wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú ya ibi tí òjé yóò gbà sí i lára, wọ́n sì fi ìda lẹ àwọn pátánì mọ́ ọn. Yóò ṣí pátánì kan kúrò. Ihò ìmọ́lẹ̀ á ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Yóò gbé abala gíláàsì aláwọ̀ sí ojú ihò yẹn, yóò máa sún un: sókè díẹ̀, sọ́tùn-ún díẹ̀, yóò yí i po, yóò gbé e kúrò, yóò gbé òmíràn. Ẹ rántí abala tó dúdú lápá kan tó sì pọ́n lápá kejì. Bó bá jẹ́ ewé ni wọ́n ń wá, tó sún gíláàsì náà ní ìwọ̀n ìka kan péré, oòrùn lè bọ́ sórí ṣóńṣó ewé náà. Bó bá sún un padà, ewé yẹn ti wọ abẹ́ òjìji nìyẹn. Pátánì kan náà ni, nọ́ńbà kan náà, ṣùgbọ́n ewé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tó bá rí i, yóò fi àmì sí i, agégíláàsì yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fà á, yóò fi ẹ̀mú ṣẹ́ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀já bàbà tí wọ́n fi ìda oyin pa lẹ́yìn yí i po, wọ́n á sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó lè lẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ń ṣe ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà fún ìbòrí kan. Ti òdòdó wisteria, tó wó wálẹ̀ bí òṣùṣù èso, ègé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000. Ẹ ronú sí i: nǹkan bí ìgbà ẹgbẹ̀wá ni ẹnì kan dúró tó pinnu pé àwọ̀ báyìí ló yẹ níhìn-ín. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa àtùpà yìí máa ń sọ pé òǹyàwòrán ló ṣe iṣẹ́ ọnà, àwọn yòókù sì jẹ́ òṣìṣẹ́. Mi ò gbà. Ẹni tó yan gíláàsì ló kun àwòrán náà. Kò kàn mú búrọ́ọ̀ṣì dání ni.

Bí wọ́n bá ti fi bàbà yí gbogbo rẹ̀ po, àwọn ọkùnrin ló máa ń gbà á. Wọn á tò ó sórí mọ́ọ̀dù igi, wọ́n á yọ́ òjé pẹ̀lú tánganran sí gbogbo ojú ìlà, nínú àti lóde, wọ́n á wá fi omi oògùn pa á kí òjé funfun yẹn lè di àwọ̀ idẹ àtijọ́. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń rọ ẹsẹ̀ àtùpà. Àgbájọ ọwọ́ ni lóòótọ́, èmi kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro pé mo ń fojú kéré ẹni tó ń jó òjé. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, bí ọwọ́ bá sì gbọ̀n, gíláàsì á sán.

Báwo làwọn obìnrin ṣe dé ìdí iṣẹ́ tí wọ́n kà sí ti ọkùnrin? Ìjà òṣìṣẹ́ ló bí i. Ní 1892, ẹgbẹ́ àwọn agégíláàsì àti àwọn tó ń fi òjé so ó yanṣẹ́ lódì nílùú New York. Ìṣòro ni fún Tiffany, torí ó ń múra àfihàn ńlá tí yóò wáyé ní Chicago ní 1893. Ẹgbẹ́ náà kì í gba obìnrin, nítorí náà ó gba obìnrin síṣẹ́, ó sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún wọn. Mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún méjì, wọ́n ti di márùndínlógójì. Òkú òǹgbẹ owó ń gbẹ àwọn ọkùnrin yẹn nígbà náà, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi bínú.

Clara Driscoll ló jẹ́ olórí ẹ̀ka náà. Ọmọ Tallmadge ní ìpínlẹ̀ Ohio ni, wọ́n bí i ní 1861. Ó kọ́ṣẹ́ ọnà ní Cleveland, ó wá sí New York, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá Tiffany ṣiṣẹ́ ní 1888. Ilé iṣẹ́ náà kò gba obìnrin tó ti lọ́kọ. Bó ṣe ṣègbéyàwó ní 1889, ó kúrò. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1892, ó padà síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó tún fẹ́ ṣègbéyàwó, ó kúrò, ọkùnrin tó fẹ́ ẹ sì dédé pòórá. Ó tún padà. Ní 1909 ló wá kúrò pátápátá, nígbà tó fẹ́ Edward Booth. Mo máa ń ro ìgbésí ayé yẹn: obìnrin tí ìlẹ̀kùn ibi iṣẹ́ ń ṣí fún nígbà tí ilé bá dà rú, tó sì ń tì mọ́ ọn nígbà tí ilé bá tòrò. Láàárín ìṣísílẹ̀ àti ìtìpa yẹn ló ti ṣe gbogbo ohun tó ṣe.

Kí ló ṣe? Lámilámi ni. Ẹ mọ lámilámi, èyí tó ń fò lórí omi odò. Ó to wọn yí etí ìbòrí ká, orí wọn sísàlẹ̀, ojú wọn jẹ́ gíláàsì roboto tó ń tàn. Ìyẹ́ wọn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò súnmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀. Wọ́n fi irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n dá ihò sí lára bí àwọ̀n bo gíláàsì ìyẹ́ náà, kó lè ní iṣan tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti lámilámi gidi. Tí iná kò bá sí nínú rẹ̀, irin yẹn ni ẹ óò rí. Bí wọ́n bá tan án, irin á di òjìji, ìyẹ́ á sì fúyẹ́ débi tí ẹ óò fẹ́ fà sẹ́yìn kó má baà fò kàn yín lójú. Àtùpà lámilámi gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ níbi àfihàn àgbáyé ti Paris ní 1900. Wisteria náà, iṣẹ́ Clara ni. Ní 1906, 400 dọ́là ni wọ́n ń ta ọ̀kan. Owó ọ̀sẹ̀ Clara, olórí ẹ̀ka, kò ju 35 dọ́là lọ. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀: ju iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lọ, àwọn ọmọbìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń gbà kéré sí i.

Kò dá ṣe é. Agnes Northrop wà níbẹ̀, ọlọ́wọ́ òdòdó tó ń ya fèrèsé. Alice Gouvy náà wà níbẹ̀, ọmọ Ohio bíi Clara. Àwọn mìíràn pọ̀. Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà lórí òrùlé ilé iṣẹ́ náà ní nǹkan bí 1904 sí 1905, àwọn obìnrin náà dúró nínú atẹ́gùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré lọ́jọ́ orí. Mo máa ń wo ọwọ́ wọn.

Ní 1903, ọ̀rọ̀ tún dojú rú. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní kí ẹ̀ka obìnrin kógbá wọlé, torí fèrèsé àti ìbòrí àtùpà tí àwọn obìnrin ń ṣe ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀ka náà dúró, àmọ́ wọ́n ní iye wọn kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Láti ìgbà yẹn, bí iṣẹ́ bá pọ̀ bí ó ti wù kó pọ̀, Clara kò lè gba ẹni kejìdínlọ́gbọ̀n. Inú mi kì í dùn tí mo bá kà á, ìbínú mi kò sì sí lórí àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ló fi ẹgbẹ́ méjì du egungun kan.

Báwo la ṣe wá mọ gbogbo èyí? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn gbà pé Tiffany fúnra rẹ̀ ló ya gbogbo àtùpà náà. Clara máa ń kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, lẹ́tà tó ń yí láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí, tí kálukú ń kà, tó ń fi tirẹ̀ kún un. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, àtùpà tó ń ronú lé, ìnáwó, àríyànjiyàn, àní kẹ̀kẹ́ tó ń gùn náà. Ẹbí náà kò sọ ọ́ nù. Apá kan dé yunifásítì Kent State ní Ohio, apá kan dé ọ̀dọ̀ Queens Historical Society. Ìgbà tí ọ̀rúndún yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn onímọ̀, Martin Eidelberg àti Nina Gray, rí wọn, tí wọ́n sì rí i pé obìnrin kan ló ń sọ bí òun ṣe ṣe lámilámi. Àwọn méjèèjì àti Margaret Hofer ṣe àfihàn ńlá lórí rẹ̀ ní New-York Historical Society ní 2007. Clara ti kú láti 1944.

Ilé iṣẹ́ náà kò pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ayé yí padà, àwọn ènìyàn fẹ́ ohun tó tẹ́jú tó sì mọ́ lára. Wọ́n kéde pé Tiffany Studios ti wọ gbèsè ní 1932, Tiffany fúnra rẹ̀ sì kú ní oṣù kìíní ọdún 1933. Lẹ́yìn náà ni nǹkan burú. Àwọn èèyàn fọ́ ìbòrí náà sáàtàn kí wọ́n lè yọ́ òjé àti idẹ rẹ̀ tà. Mo ti ṣa gíláàsì fífọ́ nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rí, mo mọ bó ṣe ń rí, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi máa ń nira fún mi láti sọ. Ìgbà ẹgbẹ̀wá tí ẹnì kan dúró síwájú fèrèsé, òòlù kan ti pa á rẹ́.

Ní 1935, Egon Neustadt, dókítà eyín tó ti ilẹ̀ Austria wá, bá ọ̀kan nínú àwọn àtùpà náà pàdé ní ṣọ́ọ̀bù alájàpá ní Greenwich Village, ní New York. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Hildegard ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra wọn níyàwó ni, wọ́n ń wá ohun ọ̀ṣọ́ ilé. 12.50 dọ́là ni wọ́n rà á. Ẹnu ya àwọn kan pé wọ́n ra ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn kò dẹ́kun, wọ́n ń rà á títí ó fi kún ilé. Ní 1997, àtùpà òdòdó lótọ́ọ̀sì kan tà ní gbàǹjo Christie's ní mílíọ̀nù 2.8 dọ́là. Àkójọ Neustadt wà ní Queens lónìí, kò sì jìnnà sí ibi tí ilé iná Corona wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí àtùpà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kan tún wà lọ́dọ̀ wọn tí àwọn tó ń wo àtùpà kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà tú ká, gíláàsì tó ṣẹ́kù kò ráyè lọ sínú àtùpà kankan, Neustadt sì rà á. Ó ju ìlàrin mílíọ̀nù ègé lọ: abala ńlá, abala kékeré, ojú lámilámi tí kò tíì rí ìyẹ́. Wọ́n tò wọ́n sórí pẹpẹ lóròóró, bí bàbá mi ṣe máa ń to tirẹ̀, kó má baà wúwo léra. Bí ẹ bá fa abala kan jáde tí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé apá òsì rẹ̀ dúdú, àárín rẹ̀ tutù bí ewé, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i po láìmọ̀, kí ẹ lè rí ibi tí ṣóńṣó ewé náà yóò bọ́ sí.